Bíìlì Ìbímọ ní Amẹ́ríkà: Ẹnu Ààlà Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ lè ti jẹ orúkọ, kí àlejò ìkómọ sì ti tú ká, kí bíìlì ìbímọ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé. Kì í sì í ṣe bíìlì kan ṣoṣo. Dókítà tó gbẹ̀bí á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ilé ìwòsàn tó ni yàrá àti bẹ́ẹ̀dì á fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Oníṣègùn tó gún abẹ́rẹ́ ìrora sí ẹ̀yìn aláboyún, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti dókítà ọmọdé tó yẹ ìkókó wò, olúkúlùkù ló ní ìwé tirẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti ní Atlanta mọ àwọn ìwé wọ̀nyí bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í kà á kọjá ìlà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ iye tí wọn yóò san sí. Òkè ìlà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nínú àwọn nọ́ńbà àti lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kóòdù. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé owó ìbímọ ní ilẹ̀ yẹn dá lórí owó àpapọ̀ kan tó ní ààlà, pé ẹnu ààlà yẹn ni àṣìṣe àti ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀ ti ń rí ọ̀nà wọlé, àti pé ìdílé tó bá mọ ibi tí ààlà náà wà kò ní láti di akọ̀wé ilé ìwòsàn kó tó lè ṣọ́ àpò ara rẹ̀.

Kóòdù oríṣi méjì ló wà lórí ìwé náà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ọ̀kan ń sọ ìdí tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn, èkejì ń sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Èyí tó ń sọ ìdí wá láti inú ìlànà tí wọ́n ń pè ní ICD. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́: ní 1893 ni Jacques Bertillon, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbé ìlànà kan kalẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè lè máa ka ohun tó ń pa ènìyàn lọ́nà kan náà. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, tí ó ń bójú tó o títí di òní. Ẹ̀dà tí Amẹ́ríkà ń lò fún bíìlì ni ICD-10-CM, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2015. Nínú rẹ̀, lẹ́tà O ló ṣáájú kóòdù oyún, ìrọbí àti ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ. O80 ni ti ìbímọ tó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ìdíwọ́ kankan, O14 ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru tó léwu fún aláboyún, tí àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia, O24 sì ni ti àtọ̀gbẹ nínú oyún. Àwọn kóòdù mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́: Z34 ni ti àbójútó oyún tí kò mú wàhálà dání, Z3A.39 ń sọ pé oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 39, Z37.0 sì ń sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó sì wà láàyè. Kóòdù tó ń sọ iṣẹ́ ní tirẹ̀ ni CPT, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1966, tí wọ́n sì ń tún ṣe lọ́dọọdún; nọ́ńbà márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó wà lórí bíìlì ìbímọ.

Ẹni tó ń lo HMO ní Nàìjíríà lè rò pé èyí ni kóòdù tí wọ́n máa ń ní kí òun dúró dè ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó tọ́jú òun. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Kóòdù HMO jẹ́ àṣẹ, ó ń sọ fún ilé ìwòsàn pé wọ́n lè tọ́jú ẹni yìí. Kóòdù inú bíìlì Amẹ́ríkà jẹ́ ìròyìn, ó ń sọ fún ẹni tí yóò sanwó pé iṣẹ́ báyìí ni a ṣe, ìdí báyìí la sì fi ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì kò fojú kan aláboyún rí, wọn kì í sì í ka gbogbo ohun tí dókítà kọ sínú fáìlì rẹ̀. Kóòdù ìdí àti kóòdù iṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà wọn ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ bá ìdí mu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aláboyún kan ní àtọ̀gbẹ, dókítà rẹ̀ sì ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń lù, àyẹ̀wò tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ 59025. Bí akọ̀wé bá so àyẹ̀wò yìí mọ́ Z34 dípò O24, ohun tí ínṣọ́ránsì máa rí ni pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún ewu fún ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Wọ́n lè kọ̀ láti sanwó, kí bíìlì sì lọ sí ilé obìnrin náà. Kò sí ẹni tó purọ́, kò sí ẹni tó jalè. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan péré ló ṣìnà.

Owó àpapọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ àìsàn, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá rí dókítà ni wọ́n ń ṣírò. Oyún yàtọ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń di iṣẹ́ dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di ẹ̀yìn ìbímọ papọ̀ sábẹ́ kóòdù kan ṣoṣo. Bí obìnrin bá bímọ lójú ara, 59400 ni. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, 59510 ni. Bí ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nígbà kan rí bá wá bímọ lójú ara lọ́tẹ̀ yìí, 59610 ni. Ohun tó wà nínú àpapọ̀ náà pọ̀: ìbẹ̀wò oṣooṣù títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 28, ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé ọ̀sẹ̀ 36, àti ìbẹ̀wò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di ọjọ́ ìbímọ, tí gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá. Nínú ìbẹ̀wò wọ̀nyí ni wọ́n ti ń wọn ìwúwo obìnrin, tí wọ́n ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, tí wọ́n sì ń gbọ́ ọkàn ọmọ. Gbígba aláboyún sí ilé ìwòsàn láti bímọ, dídúró tì í nígbà ìrọbí, gbígbẹ̀bí, gbígba ibi ọmọ, rírán ojú ara tó bá ya díẹ̀, àti ìbẹ̀wò lẹ́yìn ìbímọ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìbímọ ni dókítà ń kọ bíìlì yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí 59400 bá wà lórí ìwé, tí owó ìbẹ̀wò oṣooṣù lásán tún tò tẹ̀lé e, ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé, torí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gba gbọ̀ngàn fún ìnáwó: owó gbọ̀ngàn kó àga àti tábìlì pọ̀, ṣùgbọ́n kò kó oúnjẹ àti olórin. Ẹni tí kò bèèrè ibi tí owó gbọ̀ngàn parí sí ni ẹnu máa ń yà lọ́jọ́ ìnáwó. Ohun tó wà lẹ́yìn ààlà owó àpapọ̀ ìbímọ kì í ṣe kékeré. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn fi mọ̀ pé oyún wà sábà máa ń dá dúró. Síkáànù dá dúró: 76801 ni ti kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14, 76805 ni ti ẹ̀yìn ìgbà náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dá dúró. Bí dókítà bá ní láti fọwọ́ yí ọmọ tó fi ìdí sísàlẹ̀ padà, ó dá dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn mìíràn bá mú kí aláboyún máa wá ju iye ìgbà tó yẹ lọ, ìbẹ̀wò àfikún wọ̀nyẹn lè dá dúró. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń dín ìrora ìrọbí kù jẹ́ iṣẹ́ dókítà mìíràn, kóòdù rẹ̀ sì ni 01967. Èyí tó tóbi jù lọ ni pé owó àpapọ̀ jẹ́ ti dókítà nìkan. Yàrá ìbímọ, bẹ́ẹ̀dì, oògùn àti iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wà lórí bíìlì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ọmọ náà sì ti di aláìsàn tó dá dúró láti ìgbà tó ti ké. Kóòdù O kò gbọdọ̀ sí lórí ìwé rẹ̀ rárá, Z38 ni wọ́n fi ń ṣí tirẹ̀, bí wọ́n bá sì dádọ̀dọ́ fún ọmọkùnrin, orí bíìlì ọmọ ni yóò wà, kì í ṣe ti ìyá.

Ààlà kejì tún wà, èyí tí àkókò ń pa. Kí owó àpapọ̀ tó lè dúró, dókítà kan náà tàbí ẹgbẹ́ dókítà kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìdílé bá kó láti Chicago lọ sí Atlanta nígbà tí oyún wà ní oṣù kẹfà, tàbí tí ọkọ pààrọ̀ iṣẹ́ tí ínṣọ́ránsì sì yí padà, àpapọ̀ náà tú nìyẹn. Dókítà àkọ́kọ́ á lo 59425 bó bá ti rí aláboyún lẹ́ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà, tàbí 59426 bó bá ti rí i lẹ́ẹ̀meje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà kejì á wá kọ kìkì ohun tó ṣe: 59409 bó bá jẹ́ gbígbẹ̀bí nìkan, 59410 bó bá fi ìtọ́jú ẹ̀yìn ìbímọ kún un. Bí ẹni kejì bá ṣèèṣì kọ 59400, ó ti gba owó iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe, ínṣọ́ránsì sì lè kọ̀ láti san bíìlì ọ̀kan nínú wọn. Ọdún tuntun náà ní tirẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ ìbímọ ni owó àpapọ̀ ń bọ́ sí, obìnrin tó lóyún ní 2024 tó sì bí ní oṣù kìíní 2025 lè rí i pé síkáànù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọnú ìṣirò ọdún àkọ́kọ́, kí owó dókítà àti ti ilé ìwòsàn sì wọnú ti ọdún kejì. Owó tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yọ láti àpò ara rẹ̀ kí ínṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, èyí tí wọ́n ń pè ní deductible, á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àtakò tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni pé iṣẹ́ akọ̀wé ni èyí. Àwọn tó kàwé fún un ni ilé ìwòsàn gbà, kí ló kan aláboyún níbẹ̀? Òótọ́ ni pé àwọn akọ̀wé kóòdù ń ṣe ìdánwò, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ni akọ̀wé lè kọ. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń bá aláboyún sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀ pé ẹni tó gún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò sí lára àwọn tí ínṣọ́ránsì obìnrin náà bá ṣàdéhùn. Obìnrin náà àti ìdílé rẹ̀ nìkan ló wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́, àwọn nìkan ló sì lè sọ pé síkáànù mẹ́ta ni wọ́n ṣe, kì í ṣe márùn-ún. Ìmọ̀ tí akọ̀wé kò ní nìyẹn, kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí kankan.

Àtakò kejì ni pé ínṣọ́ránsì ló ń sanwó, bí àṣìṣe bá wà, wọn á rí i. Kọ̀ǹpútà wọn lè mọ̀ bí kóòdù méjì kò bá bára mu, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ wáyé ní tòótọ́. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe ínṣọ́ránsì nìkan ló ń sanwó. Ìwádìí tí Peterson Center àti KFF, àwọn àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2022 lórí àwọn obìnrin tó ní ínṣọ́ránsì láti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi hàn pé owó oyún, ìbímọ àti ìtọ́jú ẹ̀yìn ìbímọ jẹ́ dọ́là 18,865 ní ìpíndọ́gba, tí dọ́là 2,854 nínú rẹ̀ sì jáde láti àpò ìdílé. Ti ìbímọ ojú ara jẹ́ dọ́là 14,768, ti iṣẹ́ abẹ sì gòkè dé 26,280. Àwọn tí ínṣọ́ránsì wọn dára ni wọ́n ka yìí o. Ẹni tí àtúnṣe kóòdù kan bá yí iye tirẹ̀ padà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òun.

Àtakò kẹta ló lágbára jù, nítorí pé owó àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá wí. Àwọn kan sọ pé bí dókítà bá máa gba iye kan náà yálà ó rí aláboyún lẹ́ẹ̀mẹjọ tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, kí ló máa mú kó ṣe aápọn? Wọ́n tún ń tọ́ka sí ẹ̀yìn ìbímọ. Ní 2018, ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ní Amẹ́ríkà, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kàn sí abiyamọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò kíkún fún un kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Nínú ìwé ìmọ̀ràn náà ni wọ́n ti sọ pé àwọn abiyamọ tí kì í padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀yìn ìbímọ lè tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó àpapọ̀ tó ń parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò bá ìmọ̀ràn yìí mu, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ títú gbogbo rẹ̀ ká sí owó ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ewu tirẹ̀: obìnrin tí owó ń fún lọ́rùn lè máa fo ìbẹ̀wò nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa bíìlì. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀, ibì kan ni ààlà yóò wà. Nínú Medicaid, ètò ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, tó ń sanwó fún nǹkan bí ìbímọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í lo owó àpapọ̀ rárá. Ìbéèrè tó yẹ kí ìdílé bi dókítà kò yí padà níbẹ̀ náà: kí ló wà nínú iye yìí, kí ni kò sí níbẹ̀?

Òfin ti fún ẹni tó bá bèèrè ní agbára. Láti 2014, òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2010 ti sọ ìtọ́jú oyún àti ìbímọ di dandan nínú ínṣọ́ránsì tí ènìyàn ń dá rà àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Òfin náà sì sọ pé àwọn àyẹ̀wò ìdènà kan, bí àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ nínú oyún, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláboyún lábẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ínṣọ́ránsì; bí bíìlì rẹ̀ bá wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́ bí àyẹ̀wò àìsàn. Òfin 1996 sọ pé ínṣọ́ránsì tó ń sanwó ìbímọ nílé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dín ìdúró ìyá àti ọmọ kù sí ohun tó kéré sí wákàtí 48 lẹ́yìn ìbímọ ojú ara, tàbí wákàtí 96 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àyàfi bí dókítà àti ìyá bá jọ fẹnu kò. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2022 ni òfin mìíràn ti sọ pé bí ilé ìwòsàn bá wà lára àwọn tí ínṣọ́ránsì bá ṣàdéhùn, dókítà abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí kò sí lára wọn kò lè gba ju iye tí obìnrin náà ì bá san fún ẹni tó wà lára wọn. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí kò ní ínṣọ́ránsì, tó fi mọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá tó fẹ́ sanwó fúnra rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìdíyelé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Bí bíìlì olùtọ́jú kan bá fi dọ́là 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye tó kọ sínú ìwé yẹn, aláìsàn náà lè pe ẹjọ́ lé e lórí. Ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ sì ń fún òbí ní ọjọ́ 30, ó kéré tán, láti fi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, bíìlì ọmọ lè di ti òbí látòkè délẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbímọ kó tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn tó bá ṣẹlẹ̀ tán, ó máa ń dà bí àìmoore láti máa bá àwọn tó gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ là ṣírò owó. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Àmọ́ àwọn àgbà ló ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ayọ̀ kò sì gbọdọ̀ di ojú ẹni ju ẹkún lọ. Bíbèèrè kóòdù kò fi ẹ̀sùn kan dókítà; akọ̀wé tí kò mọ obìnrin náà rí ló sábà máa ń dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni há nọ́ńbà sórí, nítorí pé CPT ń yí padà ní oṣù kìíní ọdọọdún, ICD-10-CM sì ń yí padà ní oṣù kẹwàá. Ohun tó yẹ ni pé kí ìdílé bèèrè ní ìbẹ̀wò kejì tàbí ẹ̀kẹta bóyá owó àpapọ̀ ni dókítà ń lò àti ohun tó kó pọ̀, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ síkáànù àti àyẹ̀wò gbogbo sínú ìwé kékeré kan, kí wọ́n sì sọ fún kílíníìkì kíákíá bí ínṣọ́ránsì bá yí padà. Bí bíìlì bá dé, kí wọ́n ní kí ilé ìwòsàn fi èyí tí wọ́n to ohun gbogbo sí lọ́kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, itemized bill ni orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé Explanation of Benefits, èyí tí ínṣọ́ránsì fi ń ṣàlàyé ohun tó san àti ohun tó kù fún ìdílé, kí wọ́n sì fi ìwé kékeré tiwọn yẹ méjèèjì wò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, kí wọ́n má tíì sanwó. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì tó kọ bíìlì pé kí wọ́n tún kóòdù rẹ̀ yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ pé ínṣọ́ránsì ló kọ̀, ọjọ́ 180 ni òfin fún wọn láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ti dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá ti sanwó tán kó tó bèèrè ni yóò máa sáré tẹ̀lé owó tó ti kúrò lápò rẹ̀.